Wọ́n ní mo bú àgbà níbi tí mo ti ń béèrè owó ìlú

Ìbéèrè tó wọlé rèé. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ gbogbo orúkọ kúrò nínú rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ìlú kan nítòsí Ìjerò-Èkìtì ni mí, Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la wà lórí òpó WhatsApp ìlú, àwọn tó wà nílé àtàwọn tó wà lẹ́yìn odi. Lóṣù tó kọjá, mo béèrè ibi tí owó tí a dá fún tiransifọ́mà wọlé sí. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ fèsì pé, 'Ìwọ ọmọ àná yìí, ta ló rán ọ?' Inú bí mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ẹni tí kò jalè, ara kì í fu ú. Ẹ kó owó ìlú jáde.' Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, wọ́n ti ká ìyá mi mọ́ ọjà pé ọmọ rẹ̀ pe àgbà lólè. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ mí kúrò lórí òpó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní n kò gbọdọ̀ bẹ ẹnikẹ́ni, pé bí mo bá dákẹ́, ojo ni mí. Ṣé ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ dákẹ́ nígbà tí a kò mọ ibi tí owó ìlú wà ni? Báwo ni mo ṣe lè kó ara mi níjàánu láìjẹ́ kí òtítọ́ kú?"

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìwé rẹ. Nǹkan méjì ló lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀: ìbéèrè tó tọ̀nà, àti èsì tó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tó ní kí wọ́n yọ ọ́ ń wo èsì rẹ nìkan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń wo ìbéèrè rẹ nìkan, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi lè pàdé. Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró kí n tó lọ jìnnà. O ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Owó tí gbogbo ìlú dá, gbogbo ìlú ló ni ín, ojúde tí wọ́n sì ti ní kí a dá a náà ló yẹ kí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ná an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti mẹ́nu ba olè jíjà ni ìbéèrè rẹ ti sọnù. Kò sẹ́ni tó tún ń sọ̀rọ̀ tiransifọ́mà mọ́, ẹnu rẹ ni gbogbo wọn ń sọ. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn tí kò fẹ́ kí ìṣirò owó jáde, ìwọ gan-an lo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un.

Ẹ̀rù pé sùúrù àti ojo jọra wọn ló pọ̀ jù nínú ìwé rẹ, mo sì gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa. Ó gba ọkàn líle kí wọ́n bú ènìyàn lójú ìyá rẹ̀, kó sì tún ìbéèrè kan náà béèrè láìfi èébú kankan kún un. Èébú dídá padà kò gba ọkàn kankan, ọmọ ọdún méje lè ṣe é. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, mo sì ti ń bójú tó irú òpó báyìí láti ìgbà tí WhatsApp kò tíì gbà ju ènìyàn 256 lọ lórí òpó kan. Ní báyìí, 1,024 ló ń gbà. Nínú àwọn ìjà tí mo ti bá wọn là, díẹ̀ ló jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń bá bọ̀ gan-an ló dá a sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, àti àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ló máa ń dá a sílẹ̀.

Wo bí ìpàdé ìlú ṣe máa ń rí nílé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fẹ́ bi àgbà ní ìbéèrè tó le, yóò dìde, yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹrí ba, yóò kí ilé kí ọ̀nà, yóò ní, "Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn." Kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ, gbogbo ilé ti mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, wọ́n sì ti rí i lójú rẹ̀ pé kò wá jà. Bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ sókè, ẹni tó jókòó tì í á fa aṣọ rẹ̀. Bí àgbà náà bá sì fẹ́ kanra, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀." Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń mú kí ọ̀rọ̀ líle ṣeé gbé mì. Lórí òpó, kò sí ọ̀kankan nínú wọn. Ìdọ̀bálẹ̀ kò hàn, ojú kò hàn, ohùn kò hàn. Ẹni tó ń kà á ló ń fi ohùn sí i fúnra rẹ̀, ẹni tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀ yóò sì kà á pẹ̀lú ohùn ìjà. "Ta ló rán ọ?" tí bàbá yẹn kọ, bí ó bá jẹ́ pé ojúkojú ni ẹ wà, o ì bá ti mọ̀ bóyá ó ń halẹ̀ mọ́ ọ ni àbí ó kàn ń fi ọ́ ṣeré bí àwọn bàbá ṣe máa ń ṣe nílé wa. N kò gbèjà rẹ̀ o. Mo kàn ń sọ pé ìwọ àti òun, kò sẹ́ni tó rí ojú ẹnì kejì.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà a kì í mọ ẹni tí à ń bá wí. Nọ́ńbà tí kò sí nínú fóònù rẹ ni wàá máa wò. Ẹnì kan fi "Ọlọ́run Tóbi" ṣe orúkọ, ẹlòmíràn fi àwòrán ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè síbẹ̀, wàá rò pé ọ̀dọ́ bíi tìrẹ ni. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó ń pe ẹnì kan ní "ìwọ yìí" lórí òpó títí ilẹ̀ fi ṣú, kó tó gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá àwọn ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Kò kúrò lórí òpó, kò sì bú ẹnikẹ́ni, ó kàn dákẹ́ ni, owó tó máa ń fi ránṣẹ́ sílé fún Ọjọ́ Ìlú sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà níbẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù fún ọmọ ìlú tó wà ní Houston, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìdájí ni nílé, gẹ́gẹ́ bí àsìkò ọdún bá ṣe rí. Ẹni tó lọ sóko, tí fóònù rẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì látàárọ̀, yóò dé ojú ọ̀nà, gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà á wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohun àkọ́kọ́ tó bá sì bí i nínú ni yóò fèsì sí, kò ní mọ̀ pé wọ́n ti tọrọ àforíjì nísàlẹ̀. Báyìí ni ìjà tí wọ́n ti parí lálẹ́ ṣe máa ń jí padà ní ìdájí, tí yóò tún jí nígbà tí àwọn ará oko bá dé. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn wa pé kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹnì kan ṣoṣo lo rò pé o ń fèsì fún. Tẹ ọ̀rọ̀ tí o kọ lọ́jọ́ náà mọ́lẹ̀, kí o yan ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé nípa rẹ̀, wàá rí orúkọ gbogbo ẹni tó ti kà á. Fara balẹ̀ ka orúkọ wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ bàbá náà wà níbẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó wá sọ fún ìyá rẹ lọ́jà náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn lo bá sọ̀rọ̀. Àgbà tí a bá dójú tì lójú ọmọ rẹ̀ kì í rí ọ̀nà gbà padà, kódà bí ó bá ti ń gbèrò láti mú ìwé owó wá lọ́la. Bí ó bá mú un wá báyìí, yóò dà bíi pé èébú ló mú un ṣe é.

Ohun kan náà ni bàbá yẹn ṣe sí ìwọ náà, n kò sì ní fi bò. "Ọmọ àná" kì í ṣe èsì sí ìbéèrè owó. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá dùn mọ́ lẹ́nu gbọ́dọ̀ gbà pé iṣẹ́ ló gbé lé òun lọ́wọ́. Àgbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ owó, ọmọ ọdún ogún lè bi í ní iye tó kù, èsì tó yẹ ẹ́ ni nọ́ńbà. Bí kò bá sí nọ́ńbà lọ́wọ́, kí ó sọ ọjọ́ tí yóò wà lọ́wọ́. Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe Èkìtì wa. Mo fẹ́ràn orúkọ náà tọkàntọkàn, ó sì ń dùn mí bí a bá ń fi ọ̀wọ̀ àgbà dènà ìbéèrè tó yẹ.

Nípa pé kí o pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́: WhatsApp fún ọ ní ìṣẹ́jú 15 láti tún ọ̀rọ̀ kọ, ó sì fún ọ ní nǹkan bí ọjọ́ méjì láti pa á rẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àmì pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ yóò kù, ẹni tó sì ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ti ní in lọ́wọ́ títí láé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí o má ṣe kọ èsì ìbínú sínú àpótí òpó rárá. WhatsApp gbà ọ́ láyè láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara rẹ. Kọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ síbẹ̀, kí o sùn, kí o tún un kà láàárọ̀. Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ohun tí o ì bá fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ì bá jọ èyí:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tiransifọ́mà fún wàhálà wọn. Ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò ṣe ìṣirò owó fún wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ iye tó wọlé, iye tó jáde, àti iye tó kù. Bí ìwé rẹ̀ kò bá tíì pé, ẹ bá wa dá ọjọ́ tí a lè máa retí rẹ̀. Ọlọ́run á túbọ̀ ràn yín lọ́wọ́."

Wò ó dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ tó gún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, síbẹ̀ ó le ju èébú rẹ lọ, torí pé nọ́ńbà mẹ́ta àti ọjọ́ kan ló ń béèrè, kò sì fi àyè ìjà sílẹ̀. Bí "ọmọ àná" bá tún jáde, kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé bàbá, ọmọ yín ni mí lóòótọ́. Iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù ni mo ń béèrè." Lẹ́yìn ìyẹn, fi í sílẹ̀ kí àwọn mìíràn gbà á sọ. Ìbéèrè tí ẹnì kan ṣoṣo ń tẹnu mọ́, wọn á ní ó ní bùkátà kan nínú rẹ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìlú ló béèrè yẹn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń da fídíò àti àdúrà lé ìbéèrè lórí kí ó lè rì sísàlẹ̀. Bẹ alámòójútó òpó pé kó lẹ ìbéèrè náà mọ́ òkè. Ó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30.

Ṣé kí o tọrọ àforíjì? Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ẹnu rẹ nìkan, kì í ṣe lórí ìbéèrè rẹ. Ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ṣì í nìyí: wọ́n rò pé bí o bá bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan, o ti gbé èkejì jù sílẹ̀. O kò ní ẹ̀rí pé bàbá yẹn kó owó, o sì ti fi òwe sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Èmi kì í ṣe lọ́yà, bí ìwé àgọ́ ọlọ́pàá bá dé, lọ́yà ni kí o wá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ pé orúkọ ẹni tí a bà jẹ́ lójú ayé lè di ẹjọ́, bó ti wù kó jẹ́ orí fóònù. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 náà wà ńlẹ̀. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ lọ́dún 2022 pé bí wọ́n ṣe kọ abala 24 rẹ̀ tako ẹ̀tọ́ ènìyàn láti sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024, tó fi jẹ́ pé irọ́ tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì lè da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu, ló ń bá wí jù báyìí. Ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 3. Ìbéèrè rẹ kò jọ èyí rárá, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin dẹ́rù bà ọ́ kí o má baà béèrè. Gbólóhùn olè yẹn ni kí o fà padà.

Bí o ṣe máa ṣe é ṣe pàtàkì. Má ti orí òpó bẹ̀rẹ̀. Lọ sílé, mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tàbí ẹnikẹ́ni tí bàbá náà máa ń gbọ́ tirẹ̀ dání, kí ẹ lọ bá a lójúkojú. Ìlú wa mọ iyì ẹni tó ń ṣe alárinà. Lọ́dún 1886, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtiparí ogun Kírìjì láàrin Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn, àwọn àlùfáà bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń rìn láti àgọ́ dé àgọ́, torí pé ohun tí balógun kò lè gbà lójú ọ̀tá rẹ̀, ó lè gbà á lẹ́nu ẹni tí kò gbé ìbọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ara yín, èébú tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn yẹ kó rí àforíjì lójú gbogbo èèyàn, kó sì ṣe ṣókí: "Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá wa fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ. N kò ní ẹ̀rí láti pe ẹnikẹ́ni lólè, kò sì yẹ kí n sọ ọ́. Ìbéèrè nípa owó ṣì wà ńlẹ̀." Kò ní rọrùn. Àwọn kan á ní o ti juwọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì wá hàn lẹ́yìn ọ̀la pé owó ti rá lóòótọ́, ẹ̀bẹ̀ yẹn á korò lẹ́nu rẹ. Síbẹ̀, ìyá rẹ ni mo ń rò. Òun ló ń lọ sọ́jà yẹn ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó sì yẹ kó ní ohun tó lè fi dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin tó ń bójú tó òpó, ẹ má yọ ọmọ yìí. Ẹ lè pa gbólóhùn èébú rẹ́, tirẹ̀ àti ti bàbá náà. Ẹ lè ti òpó pa fún wákàtí díẹ̀ kó lè jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni yóò máa kọ̀wé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa ṣí i, torí òpó tí wọ́n tì lẹ́yìn tí ẹnì kan béèrè owó, ohun tí gbogbo ìlú yóò rò kò ṣòro mọ̀. Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ èèyàn, tó ń ta gbájú-ẹ̀ owó ìdókòwò, tàbí tó ń fi ìhòòhò ọmọlọ́mọ ránṣẹ́, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ìlú tó béèrè owó tó sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, bí ẹ bá yọ ọ́, yóò ṣí òpó tirẹ̀. Mo ti rí i níbi tí ìlú kan ti di òpó méjì, wọ́n ń ṣe ìpàdé méjì, wọ́n sì ń dá owó méjì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ọ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹnu pẹ̀lẹ́ kò ní kó owó jáde lápò ẹni tó bá ti ná an. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ àti "ẹ ní sùúrù" fa ìbéèrè gùn títí àwọn tó ń béèrè fi rẹ̀. Nítorí náà, má fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sórí òpó. Òpó wà fún kí ìlú gbọ́ ìbéèrè, kò wà fún ìdájọ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá láìsí èsì, kí ìwọ àti àwọn mìíràn kọ lẹ́tà, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ mú un fún alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ààfin. Ẹ wo ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, ẹ wo ẹni tó ń fọwọ́ sí owó ní báńkì, ẹ bèèrè bóyá ẹgbẹ́ ní olùyẹ̀wò owó. Bí ẹgbẹ́ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó de àwọn ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ní kí ó máa fi àbọ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún, ìbéèrè tó tọ́ ni láti bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe é. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo èyí yóò mú ìwé owó jáde ní ìlú yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú Kábíyèsí, àwọn ohun tí o kọ sórí òpó ni wọn yóò kọ́kọ́ mú jáde.

Kí o tó lọ sílé, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, má fi í ránṣẹ́ sórí òpó, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má gbèjà rẹ níbẹ̀ títí ìwọ yóò fi ti ọ̀dọ̀ bàbá náà dé. Bí ó bá di pé ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́, fi àkọ́kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fọwọ́ sí i, n ó bá yín wò ó.